Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ohun Èlò Ìrànwọ́ Fún Gbogbo Ọmọ Inú Kíláàsì

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kò tíì lù, ṣùgbọ́n oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ gbọrọ sórí bọ́ọ̀dù. Kíláàsì kẹrin ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba kan nílùú Ìbàdàn. Tíṣà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń kọ ìṣirò ìsọdipúpọ̀ mẹ́wàá, ẹfun ń ró ko-ko-ko. Àwọn ọmọ tó lé ní àádọ́ta há ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dà á kọ.

Ọmọbìnrin kan dìde ní ìlà iwájú. Àfín ni. Ó rìn sún mọ́ bọ́ọ̀dù títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹfun, ó ka ìlà kan, ó sáré padà lọ jókòó, ó kọ ìdajì rẹ̀, ó gbàgbé ìdajì tó kù. Ó tún dìde. "Kúrò lójú bọ́ọ̀dù, a ò ríran!" Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń ké. Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀kẹrin tí wọ́n tún ké mọ́ ọn, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì gbé orí lé e.

Tíṣà yíjú padà, ó rí i. Kò bá a wí. Ó yọ fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán láti inú báàgì rẹ̀, ó ya bọ́ọ̀dù ní fọ́tò, ó sì gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ yẹn fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú. Òǹkà tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ wá tóbi tó èékánná àtàǹpàkò. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ.

Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin tó jókòó tì í fi na ọrùn wo fóònù náà. Mo rò pé ìtọpinpin ọmọdé ni. Nígbà tí tíṣà bi í, ó dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, "Èmi náà ò rí i, mà." Láti ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀mù ló ti ń wo ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó gba Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ àti ẹni tó gba Mọ́lété, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ná. Ìmọ̀ lọjà tí à ń rán àwọn ọmọ wa ná láràárọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo la là sí i: kí ojú rí bọ́ọ̀dù, kí etí gbọ́ tíṣà, kí ọwọ́ yá láti kọ. Ọmọ tí ọ̀nà yẹn kò bá gbà, a ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Ọ̀nà ni a kò là tó.

Ọ̀pá ìyá àgbà wà nínú rẹ̀

Bí a bá dárúkọ ẹ̀rọ ìrànwọ́, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a lọ sí kọ̀ǹpútà olówó gọbọi tó wà lókè òkun. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohunkóhun tí ènìyàn bá ń lò láti ṣe ohun tí ara rẹ̀ kò jẹ́ kó rọrùn fún un ni ohun èlò ìrànwọ́. Ọ̀pá tí ìyá àgbà ń tì wà nínú rẹ̀. Awò ojú wà nínú rẹ̀. Àga oníkẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ tí a ń fi sí etí, ìwé tí a fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀, rọ́bà tí a wé mọ́ bírò kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè dì í mú, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìròyìn kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ènìyàn tó lé ní bílíọ̀nù 2.5 ló nílò ó kéré tán ọ̀kan nínú irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan nínú wọn tí kò rí i lò. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan tí tálákà pọ̀ sí, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó nílò rẹ̀, mẹ́ta péré ló ń tẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún tó ṣáájú, UNICEF ti ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọdé tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá lágbàáyé sún mọ́ mílíọ̀nù 240.

Ó yẹ kí awò ojú kọ́ wa lọ́gbọ́n. Bí ọmọ bá wọ awò ojú wọ kíláàsì lónìí, kò sí ẹni tí yóò káàánú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pè é ní afọ́jú. Ó wọ awò, ó ríran, ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí gbogbo ohun èlò yòókù rí lójú wa.

Oníṣègùn ojú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ àfín fún mi. Èròjà àwọ̀ tó ṣe aláìtó lára rẹ̀ kò tó nínú ẹyin ojú rẹ̀ náà. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ta á lójú, ẹyin ojú rẹ̀ a sì máa mì láìdúró. "Awò ojú nìkan kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe," ni oníṣègùn náà wí. "Ẹ gbé ìwé sún mọ́ ọn, ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, ẹ má sì jẹ́ kó jókòó kọjú sí oòrùn." Mo rántí fóònù tó ti sán yẹn. Nínú ohun mẹ́ta tí oníṣègùn kà sílẹ̀, tíṣà ti ṣe méjì láìsí ẹni tó kọ́ ọ.

Kókó mẹ́fà lábẹ́ ìka

Ọdún 1809 ni wọ́n bí Louis Braille ní abúlé Coupvray ní ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó ń ṣe ìjánu àti gàárì ẹṣin. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Louis nígbà tó mú irin ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ, irin náà sì gún un lójú. Egbò náà ran ojú kejì, méjèèjì fọ́. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní 1824, ó ti ṣètò ọ̀nà ìkọ̀wé tí ìka lè kà, èyí tí à ń fi orúkọ rẹ̀ pè ní Braille. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1829. Irin ṣóńṣó, irú èyí tó gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀, ni àwọn afọ́jú fi ń lu ìwé títí di òní.

Àyè mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: ìlà méjì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Bí a bá ṣe lu àwọn kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ ni lẹ́tà ṣe ń yàtọ̀ síra. Àmì mẹ́tàlélọ́gọ́ta (63) ló ń jáde nínú rẹ̀. Ó tó fún A, B, D wa, ó tó fún ẹ, ọ àti ṣ, ó tó fún òǹkà, ó tó fún orin pàápàá.

Ẹni tó bá fi irin ṣóńṣó àti síléètì kọ ọ́ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, nítorí ẹ̀yìn pépà ni kókó ti ń yọ. Bó bá parí, yóò yí pépà náà padà kó tó lè kà á. Ní 1951, ilé ẹ̀kọ́ Perkins ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí David Abraham ṣe. Ẹ̀rọ náà ní bọ́tìnnì mẹ́fà, ọ̀kan fún àyè kọ̀ọ̀kan, kókó sì ń yọ sókè bí ọmọ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ lè fi ìka ka ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lójú ẹsẹ̀, kó sì tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rọ náà wúwo, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná rárá.

Ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ Pacelli ní Sùúrùlérè ti ń fi ọ̀nà yìí kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran láti 1962. Ibẹ̀ ni olórin Cobhams Asuquo ti kàwé nígbà èwe rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ torí bẹ́ẹ̀ jókòó tẹtẹrẹ. Olùkọ́ kan fi bí òun ṣe ń bẹ̀rẹ̀ hàn mí. Ó gé ihò mẹ́fà lára páálí tí wọ́n ń kó ẹyin sí, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Ó da kóró àgbálùmọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ á fi ọwọ́ wá ihò, á ju kóró sí i, á pe orúkọ lẹ́tà. "Bí ọwọ́ ńlá bá ti mọ̀ ọ́n," ni olùkọ́ náà wí, "ìka kékeré á bá a lórí pépà."

Ìwé tí ọwọ́ ń kà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí pépà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni a ti ń pa àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ ń wí fún ẹni tó gbà á pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà ni. Ẹni tó mọ àrokò lè fọwọ́ kà á nínú òkùnkùn. Ẹyọ owó mẹ́fà, kókó mẹ́fà: àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè gba ìka wọ inú ọkàn.

Ẹ̀rọ tó ń kàwé, ohùn tí kò mọ̀

Ní 2006, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan ní Ọsirélíà, Michael Curran, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní NVDA, James Teh tí òun náà kò ríran sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ohùn ka ohun gbogbo tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà. Ṣáájú rẹ̀, irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ́n gan-an. Àwọn méjèèjì ní ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò fi tiwọn sílẹ̀, ọ̀fẹ́ náà ló sì jẹ́ títí di òní. Ọ̀pọ̀ fóònù Android tí à ń rà ní ọjà sì ti ní TalkBack nínú tẹ́lẹ̀, ìyẹn èyí tó ń ka ojú fóònù síta. Ẹlòmíràn ti gbé e sápò fún ọdún márùn-ún láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì, sọ ohun tí ó yí padà fún un. "Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fẹ́ kàwé, àfi kí n bẹ ẹlòmíràn. Bí oorun bá ń kun ẹni yẹn, ìwé kíkà ti parí nìyẹn. Ní báyìí, bí mo bá jí ní aago mẹ́ta òru, mo lè dá kàwé." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn lójoojúmọ́ nítorí ìwé yín."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbọ́ bí fóònù náà ṣe ń ka Yorùbá. Mo kọ gbólóhùn kan ránṣẹ́ sí i: "Ọkọ mi gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀." Ohùn Òyìnbó tó wà nínú fóònù náà kà á tán láìsí ìyàtọ̀ kankan. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, bákan náà ló pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní bí òun bá ń ka Yorùbá, òun máa ń fi etí lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òun á sì máa rò ó bí ẹni tó ń pa àlọ́.

Ìlù gángan kò ní ahọ́n, síbẹ̀ bó bá dún, ọmọ Yorùbá mọ ohun tó wí, nítorí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló gbé èdè wa ró. Ẹ̀rọ tí kò mọ ohùn yóò ka igba, igbá, ìgbà àti igbà bí ohun kan náà. Àwọn kan ti ń ṣe akitiyan lórí rẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún, òǹkọ̀wé àti onímọ̀ èdè tó dá YorubaName.com sílẹ̀, ti ṣiṣẹ́ lórí TTSYorùbá, ètò tó ń fi ohùn pe ọ̀rọ̀ Yorùbá bó ṣe yẹ kí a pè é. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ọmọ tí kò ríran lè ka èdè ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá náà ní ẹrù tiwa láti rù. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i, ẹni tó ríran lè fi òye gbé e. Kò sí ẹ̀rọ, bó ti wù kó gbọ́n tó, tí kì í ṣìnà nínú ìwé tí kò ní àmì. Àmì tí à ń fò nítorí ìkánjú, ọ̀nà ẹlòmíràn ni à ń dí.

"Mo kúnlẹ̀ bẹ ọmọ mi"

Ní 1960, ọkùnrin adití kan láti Amẹ́ríkà dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀. Àìsàn ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà. Ó ti kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Gánà ní 1957 kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Títí tó fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1987, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe káàkiri Áfíríkà. Òun ló mú kí èdè ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ adití ń sọ ní Nàìjíríà fara jọ ti Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀.

Èdè ọwọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ fún ọmọ tí kò gbọ́ràn rárá. Àwọn tó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ tún wà, àwọn ni kíláàsì wa kì í tètè dá mọ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Òṣogbo sọ ti ọmọ rẹ̀ fún mi. "Bí mo bá pè é, kò ní dáhùn. Mo ti nà án títí, mo ní agídí ni. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó yẹ etí rẹ̀ wò. Ọjọ́ tí dókítà sọ èsì fún mi, mo délé, mo kúnlẹ̀ bẹ ọmọ mi."

Ọmọ náà ti ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn báyìí. Ẹ̀rọ náà ran án lọ́wọ́, ó sì mú ìnáwó wá. Bátìrì rẹ̀ kéré bíi bọ́tìnnì aṣọ, kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ kó tó kú. Bí owó bátìrì kò bá sí, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni ẹ̀rọ náà lẹ́yìn etí. Bó sì ṣe ń gbé ohùn tíṣà sókè ló ń gbé ariwo jẹnẹrétọ̀ àti òjò orí páànù sókè.

Nítorí náà, ìwà olùkọ́ jẹ́ apá kan ẹ̀rọ náà. Olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀dù ti gba ètè rẹ̀ kúrò lójú ọmọ tó ń wo ètè. Olùkọ́ tó bá kọ kókó ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó tó ṣàlàyé rẹ̀, tó kọjú sí kíláàsì, tó sì jẹ́ kí fídíò tó ń lò ní ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀, ti ran ọmọ yẹn lọ́wọ́. Ó tún ti ran ọmọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yé lọ́wọ́, àti ọmọ tí ariwo ọjà ìta kò jẹ́ kó gbọ́ràn lẹ́yìn kíláàsì.

Ọmọ tí a pè ní olódo

Ọmọ kan wà ní kíláàsì wa nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó lè tú rédíò palẹ̀ kó sì tún un tò. Bí a bá ń pa àlọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n pa jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó dìde kàwé, lẹ́tà á máa dà rú mọ́ ọn lójú, òógùn á bò ó. Wọ́n ń pè é ní olódo. Mo wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Kò dé kíláàsì kẹfà tó fi kúrò.

Lónìí mo mọ̀ pé orúkọ wà fún ohun tó ń ṣe é. Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọpọlọ ẹni tó ní i pé dáadáa, ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ gbà ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró ló yàtọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá rí ìwé tí a kà sínú ẹ̀rọ, tí ó ń gbọ́ ọ bí ojú rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé e lórí pépà, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yé e. Bí a bá jẹ́ kó fi ẹnu dáhùn ìbéèrè kí fóònù sì gbà á sílẹ̀, a óò gbọ́ ìmọ̀ tí bírò kò lè gbé jáde.

Olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́, ó máa ń ka àyọkà ọjọ́ kejì sínú fóònù rẹ̀, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp. Ọmọ méjì ló torí wọn bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn òbí yòókù fi ní àwọn náà fẹ́ ẹ. Ọmọ tí ibà dá dúró sílé ń gbọ́ ọ. Ìyá tí kò mọ̀wé kà ń jókòó ti ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ọ̀nà tí a là fún ẹnì kan, gbogbo ìlú ló ń tọ̀ ọ́. Ìdagẹ̀rẹ̀ tí a mọ fún àga oníkẹ̀kẹ́, aláboyún ń gbà á, ẹni tó ru omi ń gbà á.

Òfin ti wà

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin náà ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ó ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gba gbogbo ọmọ mọ́ra, kí òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tó mọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò tó yẹ. Ó fi ọdún márùn-ún sílẹ̀ láti tún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ṣe kí wọ́n lè ṣeé wọ̀. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti 2024.

Nàìjíríà tún ti fòǹtẹ̀ lu àdéhùn Marrakesh ní 2017. Àdéhùn yẹn gbà kí a sọ ìwé di Braille tàbí ohùn fún àwọn tí kò lè ka ìwé lásán, láìsí pé wọ́n ń dúró de àṣẹ ẹni tó ni ín. Ní ọdún kan náà, JAMB dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola láti máa bójú tó ìdánwò àwọn afọ́jú tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ìyẹn fi hàn pé ó ṣeé ṣe bí ẹnì kan bá gbà á ní iṣẹ́.

Ohun tó ń dí ọ̀nà

Owó wà lára rẹ̀. Iná wà lára rẹ̀, nítorí fóònù tó kú kò lè sọ lẹ́tà di ńlá. Ìtìjú wà lára rẹ̀: àwọn òbí kan ṣì ń fi ọmọ pa mọ́ sílé kí àlejò má baà rí i.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ni kan tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní àìmọ̀ ló burú jù. "Mo dé ilé ìwé kan," ni ó wí, "mo bá ẹ̀rọ Braille nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Wọ́n fi ọ̀rá wé e kó má baà bàjẹ́. Kò bàjẹ́ lóòótọ́. Ọmọ tó yẹ kó lò ó ti jáde níbẹ̀ láìmọ̀ ọ́n kọ." Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti fọwọ́ kàn án.

Láti 1977 ni ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ àfín àti ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo kò sí ní ilé ìwé ọ̀tọ̀. Wọ́n wà ní kíláàsì tó sún mọ́ ilé yín, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní nǹkan kan nípa wọn. Olùkọ́ yẹn ni kí a kọ́. Bí ìjọba bá fẹ́ fi náírà kan ra ẹ̀rọ, kí ó ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tí yóò kọ́ni ní lílò rẹ̀.

Ibi tí olùkọ́ lè ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la

Mo bi gbogbo àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ìbéèrè kan náà: kí ni olùkọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lè ṣe? Ìdáhùn wọn fara jọ ara wọn.

Kí ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ. "Ṣé o rí i? Ṣé o gbọ́ mi? Níbo lo fẹ́ jókòó?" Kí ó béèrè ní ìdákọ́ńkọ́, nítorí ọmọ kì í jẹ́wọ́ àìlera lójú ẹgbẹ́. Kí ó kọ lẹ́tà gàdàgbà, kí ó máa ka ohun tó ń kọ síta bó ṣe ń kọ ọ́. Kí ó gbé bọ́ọ̀dù kúrò níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i. Kí ó ṣí fóònù rẹ̀, kó wọ ibi ètò inú rẹ̀, kó wo ohun tó ti wà níbẹ̀ fún ojú àti etí. Kí ó jẹ́ kí ohun èlò wà lórí tábìlì fún ẹni tó bá fẹ́, kó má fi wọ́n sàmì sí ọmọ kan ṣoṣo.

Kí òbí náà má fi ọwọ́ lẹ́rán. Ẹ mú ọmọ lọ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò kí ẹ tó pè é ní alágídí tàbí olódo. Orúkọ tí a bá sọ ọmọ máa ń mọ́ ọn lára.

Mo padà sí kíláàsì kẹrin yẹn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Tíṣà ti ń kọ òǹkà gbàgàdà sórí bọ́ọ̀dù, ó sì ti fi páálí dí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ọmọkùnrin ìjọ́sí ti wọ awò ojú. Ìyá rẹ̀ ti mú un lọ yẹ ojú wò.

Ní ọjọ́ yẹn, kò sí iná láti ìrọ̀lẹ́ àná, fóònù tíṣà sì ti kú. Mo wo ọmọbìnrin àfín náà, mo ń retí kó dìde. Kò dìde. Ọmọkùnrin náà ti fẹjú mọ́ bọ́ọ̀dù láti ẹ̀yìn awò rẹ̀ tuntun, ó sì ń kà á sí i létí jẹ́jẹ́, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan. Ọmọbìnrin náà tẹ orí ba, ó ń kọ. Ìgbà tí tíṣà ní kí wọ́n gbé ìwé wá, àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ dìde.